Ọ̀dà Tí Kò Fẹ́ Gbẹ

Ní ọdún tí nǹkan le jù lọ láyé mi, ilé iṣẹ́ ọ̀dà kékeré kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà. Àwa mẹ́tàdínlógún la wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí náírà ṣubú, tí rẹ́sìn tó máa ń ti òkè òkun wá kò wọlé mọ́, a ku mẹ́rin. Rẹ́sìn yìí ni ẹ̀mí ọ̀dà, òun ló ń mú un lẹ̀ mọ́ irin. Láìsí i, omi aláwọ̀ lásán lèèyàn ń kùn.

Ọ̀gá wa, àgbà ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì kó tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, pè mí sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ó ní àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì irin fún ilé ìwòsàn ń wá ọ̀dà tí oògùn apakòkòrò kò ní bó.

"Ìwọ lo kàwé kẹ́míkà," ó ní. "Ṣé o lè se rẹ́sìn fúnra rẹ?"

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú, sà."

"Títí ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mi ò lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo lérò pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Àwọn oko rọ́bà wà ní ìsàlẹ̀ Oǹdó, èso wọn sì ń jẹrà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Tí a bá se òróró inú èso yìí pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan tó ku ààbọ̀ àpò sílẹ̀ fún wa, ó yẹ kó di rẹ́sìn. Ègé tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ló wà nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá rí ooru, wọ́n á máa di ara wọn lọ́wọ́ mú títí wọ́n á fi gùn bí okùn. Lórí irin, àwọn okùn yẹn á tún so kọ́ra bí àwọ̀n. Ibẹ̀ ni líle rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ so kọ́ra nínú ìkòkò, ó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò kìíní nìyẹn. Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni ọ̀pá ìrokà dúró gbagidi. Gbogbo inú ìkòkò ti di odindi kan bíi táyà. Mo fi ọ̀bẹ gé e, mo fi òòlù lù ú, ìkòkò náà la padà gbé sọnù. Ìkejì ta sí mi lọ́wọ́ òsì, awọ rẹ̀ bó. Ìkẹta dára lójú. Mo kùn ún sára páànù, mo gbé e sí oòrùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka mi. Eṣinṣin kú sórí rẹ̀.

Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń gbé ní Oǹdó. Olùkọ́ ni ìyàwó mi, àwọn olùkọ́ sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé lópin ọ̀sẹ̀, ó tú aṣọ tí mo fi wé ọwọ́, ó sì wò ó pẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹ bá wa wá nǹkan mìíràn ṣe. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ bèèrè ẹja mọ́."

Mo lọ jókòó ti kànga, mo sunkún. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tó kù: ooru. Oòrùn lásán kò lè gbẹ rẹ́sìn mi, ààrò ló nílò. Iná ìjọba sì ni ààrò ilé iṣẹ́ wa ń lò, iná náà ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò, nínú ààrò amọ̀ ńlá tí wọ́n ń fi igi dáná sí. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí búrẹ́dì bá ti jáde, ẹ jẹ́ n fi páànù mi sínú ooru tó kù."

"Kí ló wà lára páànù?"

"Ọ̀dà ni, mà."

"Ọ̀dà. Nínú ààrò oúnjẹ." Ó wo ọwọ́ mi. "Ọjọ́ kan péré. Ìwọ lo máa fọ ààrò mi, wàá sì dáná sí i títí òórùn á fi kúrò."

Mo ti páànù mẹ́ta tí mo ti kùn, tí mo gbé wá láti Àkúrẹ́, wọlé, mo sì dí ẹnu ààrò. Àwọn oníbàárà ń bèèrè bóyá táyà là ń sun. Nígbà tí mo ṣí i lọ́sàn-án, ọ̀kan ti jó dúdú, èkejì ti lé ròrò. Ẹ̀kẹta, tó wà níbi tí ooru ti rọlẹ̀, ń dán. Mo fi èékánná ha á, kò ha. Mo ká páànù náà, ọ̀dà kò sán. Ìyá oníbúrẹ́dì gbà á, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́, ó dá a padà fún mi.

"Ó ti jinná," ó ní.

Mo rì í sínú apakòkòrò fún ọjọ́ mẹ́ta, kò bó. Oṣù kò tíì parí nígbà tí mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń po ọ̀dà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá mi jókòó sórí agolo òfìfo.

"Ìyàwó mi wà ní ilé ìwòsàn," ó ní. "Mo ti ta ẹ̀rọ náà, mi ò lè dúró dè ọ́."

Mo na páànù náà sí i. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "O ṣe é," ó ní, omi sì lé ròrò sí i lójú. N kò tíì gba ìyìn tó dùn mọ́ mi nínú bẹ́ẹ̀ rí.

Ó fún mi ní ìyẹ̀fun tó ṣẹ́ kù. Èmi àti ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti dá dúró kọ́ ààrò amọ̀ sínú oko bàbá rẹ̀ ní Ìjù. Bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá la kùn kí ìyẹ̀fun tó tán. Mo kọ lẹ́tà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wá òmíràn, kò sẹ́ni tó fèsì. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo gba iṣẹ́ olùkọ́. Òjò ọdún yẹn wó ààrò náà, bàbá ẹlẹgbẹ́ mi náà sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú ibẹ̀.