Abẹ́rẹ́ Ọ̀fìnkìn àti Ọ̀tá Ìyá Mi

Èmi kì í dúró de àìsàn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń lo oògùn ibà, yálà ibà ń ṣe mí tàbí kò ṣe mí. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ń bẹ nínú fìríìjì mi, òróró àdúrà ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sì ń mu omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀ nítorí pé ẹnì kan sọ lórí fóònù pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ní Ibafo ní kí n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn, ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé ara mi le, kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe.

Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé kan ní Mowe. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kò sí imú tí kì í ṣàn nínú kíláàsì náà, síkẹ́ẹ̀tì mi sì ni áńkáṣífù gbogbo wọn. Kí a tó gba ọlidé Kérésì, èmi náà á ti gba tèmi: ikọ́, orí fífọ́, ara ríro. Mi ò kà á sí àìsàn. Iṣẹ́ ló mú un wá, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń wà ní èékánná tíṣà.

Ifo ni ìyá mi wà, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún òun àti ìyàwó kékeré tó jẹ́ orogún rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ikọ́ fée sì ti ń bá a fínra ọjọ́ ti pẹ́. Láti Mowe síbẹ̀ kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́. Ọlidé Kérésì ni mo máa ń lọ. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé tèmi, á wá máa ṣàdúrà títí orúnkún á fi máa ro mí. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun, bẹ́ẹ̀dì kan náà la ń sùn. Ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ní kí wọ́n bu oúnjẹ tòun lọ́tọ̀, ẹ mọ irú ọmọ tí wọ́n ń pè é.

Lọ́dún kan, mo padà sí Mowe, kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi pè mí pé Màmá ò lè mí dáadáa. Ọdún kejì, bákan náà. Ọdún kẹta, ọsibítù ló gbà á sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fà sí i nímú, dókítà sì sọ fún wa pé bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè má bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo jókòó, mo ronú bí ọlọ́pàá. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí mo bá ti kúrò nílé náà báyìí ni àìsàn ń wọlé? Ìdáhùn rẹ̀ ò le: ẹnì kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń dúró kí n yí ẹ̀yìn padà. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, orogún ìyá mi ni. Òun ló ń po ògì fún un láràárọ̀.

Mo ní kó má po ògì mọ́. Mi ò sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni á fi mọ ìdí rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé. Mo padà sí Mowe, èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ aládùúrà wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A ní kí iná jó ẹni tó ń fi ẹ̀mí ìyá mi ṣeré, ibikíbi tó bá wà. Èmi ni mo pariwo jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ò jẹ́ kí n ṣe àmín dópin.

Ikọ́ yẹn náà ló gbé mi dé Ibafo nígbà tó kọ̀ tí kò lọ. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn kò ju àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ ní A, B, D lọ. Ó bi mí bóyá mo ń sún mọ́ àgbàlagbà kankan. Mo sọ ti ìyá mi fún un, mo sì fi ti orogún kún un díẹ̀.

"Mà, ṣé kàtá máa ń wà lára yín tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn?"

"Ta ni kì í ní kàtá lásìkò ọyẹ́?"

"Ẹ sì jọ máa ń sùn?"

"Ìyá mi mà ni."

Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má bínú o, mà. Ó jọ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé e lọ bá wọn. Kì í ṣe kàtá lásán, fúlù ni, ọ̀fìnkìn tó ń dá àgbà wólẹ̀. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ẹ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀, kí Màmá náà gbà á. Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ló ń dá dúró o, àmọ́ ó máa ń dín ewu ẹ̀ kù. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á."

"Ọdọọdún, bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àrùn yẹn kì í dúró sójú kan."

Ìgbà yẹn ni mo sọ pé ara mi le. Mo bínú délé. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi wá àwíjàre. Mo ní abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń kó ọ̀fìnkìn ranni. Mo ní òyìnbó ṣe é fún òtútù tiwọn. Mo ní àwọn bàbá wa ò gbà á, wọ́n sì dàgbà, bí ẹni pé mi ò mọ̀ pé àwọn kan wà tí kò dàgbà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá na apá mi fún wọn, mo ti gbà pé èmi ni. Èmi ni ẹni tí a ní kí iná jó. Ojú ń tì mí, ó sì rọrùn fún mi kí ojú ti ẹlòmíràn.

Nínú oṣù kọkànlá, ọmọ kan sín sí mi lójú ní kíláàsì. Mo nu ojú mi, mo ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù kí n lọ sí Ifo. Bí mo bá lọ láìgbà á, mo ti wá mọ ẹrù tí mò ń gbé lọ. Bí mi ò bá lọ, ìyá mi á máa wo títì. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ibafo, wọ́n gún mi. Kò dunni ju kí èèrà jẹni lọ.

Ní Sátidé mo lọ sí Ifo láti mú Màmá lọ gba tirẹ̀. Mo fi ìbòmú bo imú, ẹnu ọ̀nà ni mo kúnlẹ̀ sí, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: pé kò sí ọ̀tá kankan nínú ilé, pé èmi ni mò ń kó àìsàn náà wá lọ́dọọdún, pé mo ti fi ojú àjẹ́ wo orogún rẹ̀ lásán, mo sì fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Kò ya ìyá mi lẹ́nu. Ó ní, "A mọ̀."

"Ẹ̀yin àti ta ni, mọ̀ọ́mi?"

"Èmi àti ìyàwó mi. Òun ló kọ́kọ́ fura. Ọjọ́ tó o ní kó má po ògì mọ́ yẹn, ó fẹ́ sọ fún ọ. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó o máa bínú sí òun bẹ́ẹ̀, pé tó o bá mọ̀, o ò ní wá mọ́." Ó tún ìdí ìró rẹ̀ so. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún náà ni mò ń rí ọ."