Iná Tí Ọmọ Mi Fi Kún Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ìkìlọ̀ kan wọlé sórí Wasáàpù àdúgbò wa ní Súrùlérè lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Kọ̀ǹpútà tó bá ń kú lójijì, iná ló kéré nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ fi kún fọ́ltéèjì rẹ̀ kó tó bàjẹ́." Àwọn òbí bíi tèmi ń dúpẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èmi kò lè dúpẹ́. Ohun tí ọmọbìnrin mi rò gan-an nìyẹn, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá, tó sì ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ gbá géèmù.

Bí géèmù bá ti le, kọ̀ǹpútà náà á kú. Ọmọ tó dàgbà nílé wa mọ ohun tí iná tí kò lágbára ń ṣe. Irú iná bẹ́ẹ̀ ti ba fìríìjì wa jẹ́ rí. Ló bá wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, ó fi kún iná tó ń lọ sí ọpọlọ rẹ̀. "Mọ́mì, mo ti fún un lóúnjẹ. Kò ní dákú mọ́." Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ń ká aṣọ ní pálọ̀ nígbà tí òórùn bíi ti kúítẹ́ẹ̀sì gba imú mi. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Ta ló ń kun èékánná lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà! Èékánná wo? Ojú ogun géèmù ni mo wà, ẹ jẹ́ n ráyè jàre."

Kọ̀ǹpútà wà lórí fóòmù níwájú rẹ̀, ṣájà wà lára rẹ̀. Ìdí kọ̀ǹpútà náà ti wú bíi búrẹ́dì, ó ń mì bí ọmọ náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni òórùn náà ti ń wá. Mo pa iná ògiri, mo fa ọmọ mi jáde kúrò ní yàrá.

"Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú ẹ̀!" Ó fẹ́ padà lọ gbé e. Mo fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Ó ń sunkún, ó ń tì mí. Kò tì mí rí láyé ẹ̀. Ẹ̀yìn mi la ti gbọ́ ṣììì, bí omi tó kán sórí irin gbígbóná, èéfín funfun sì bo ibi tí ojú ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Fóòmù náà gbiná; àwọn aládùúgbò ló bá wa pa á.

Nígbà tó yá, ọmọ mi fúnra rẹ̀ kà nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi. Iná ògiri yàtọ̀ sí iná inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ti ògiri lè kéré kó ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n bí ti ọpọlọ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i. Ooru ló ń mú kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ńṣe ni wọ́n ń dín iná ọpọlọ náà kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá kéré jù, ẹ̀rọ á kàn dákú, wọ́n á sì dá iná náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Òun fi kún un, lórí fóòmù tó dí ihò tí ooru ń gbà jáde, ooru náà sì ń se bátìrì.

Ó ti ní ilé tirẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí mo sì gbọ́ fáànù kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mi ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ìta ni mo máa ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀, pé ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Ewu yìí wá láti inú ọgbọ́n tí ilé wa kọ́ ọ, pé iná tó kéré ló ń ba nǹkan jẹ́.

Mo bẹ̀ yín, bí kọ̀ǹpútà ọmọ yín bá ń gbóná tó ń kú, ẹ má ṣe jẹ́ kó fi kún fọ́ltéèjì rẹ̀. Bí ìdí kọ̀ǹpútà náà bá ti wú, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ yín jáde.