Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Kọ̀mpútà Mi Kú Sójú Ọ̀nà Àbíjàn

Ẹ̀yin ará, òmùgọ̀ gbáà ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ní gáréèjì Èjìgbò ni láti máa sọ àsìkò tí mọ́tò Àbíjàn máa gbéra fáwọn èrò. Násíràtù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Òṣogbo, ṣètò ẹ̀ sórí kọ̀mpútà kan tí à ń háyà lókè òkun. Tá a bá ti kírun àsùbáà tán, òun fúnra ẹ̀ á máa fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọwọ́ mi ò lè dákẹ́! Mo ní ṣé béèyàn ṣe ń jíṣẹ́ fágbà nìyẹn, láìkí i? Mo bá gba ohùn mi sílẹ̀: ìkíni, àdúà ọ̀nà, àdúà ọmọ, dórí àwọn tó ti kú. Mo ní kó so ó mọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣe é gan-an ni dẹ́rẹ́bà ní a ò dúró dọ̀sán mọ́, aago mẹ́sàn-án la ń lọ. Mo yí àsìkò padà, mo lọ mu ẹ̀kọ. Kí n tó dé, iṣẹ́ ti kú, kò tíì dé ìdajì èrò! Mo tún un tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó tún kú.

Àlàájì tí orúkọ wọn ṣáájú láàárín èrò ti gba mẹ́séèjì méjì, wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣé mọ́tò méjì ni mo fẹ́ kó àwọn nìkan sí ni?

Ìyá Súlè tó ń gbé Màsífà, tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, ò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fọ́mọ wọn l'Ábíjàn, mọ́tò míì sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Mo pè wọ́n títí, wọn ò gbé e.

Mo pe Násíràtù, mo figbe ta. Ó ní, “Háà, Bọ̀dá! Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú làwọn tó ni kọ̀mpútà yẹn ń fún iṣẹ́ kan. Tó bá ti pé, wọ́n á pa á ni. Wáàsí yín yẹn ló ń gba àsìkò, ẹ yọ ọ́ kúrò!”

Mo yọ ọ́, mo tún un tẹ̀, mẹ́séèjì sì kárí, àmọ́ Ìyá Súlè ò tíì gbé fóònù. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà kó dúró, mo fò lé ọ̀kadà. Ìdí agbada gàrí ni mo ti bá Ìyá Súlè. Wọn ò tiẹ̀ bu omi paná, wọ́n gbé báàgì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà kọ̀mpútà, ẹ béèrè ìgbà tó máa pa iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó di ẹrù lé e. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, kí n má dá nìkan gọ̀.

Nígbà tí mo ń tọrọ àforíjì lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, Ìyá Súlè ní, “Bàbá Káfílà, ẹ kọ́kọ́ máa sọ fún wa pé mọ́tò ń lọ. Àdúà, a máa ṣe é lójú ọ̀nà.”