Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Tò sí Ìlà

Òórùn ṣìmẹ́ńtì tútù àti igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun ni mo fi ń rántí Mowe ìgbà yẹn. Kò sí òpópónà tí wọn ò ti ń kọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ò ti ń da èèyàn láàmú. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ló ní kí èmi àti àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ibafo ṣe ìkànnì fún àwọn. Ẹni tí wàhálà bá dé bá yóò tẹ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò sì dé orí fóònù gbogbo ẹ̀ṣọ́ àdúgbò.

Bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rìn nìkan la jiyàn lé lórí. Àbúrò mi fẹ́ kó máa lọ tààrà. Èmi ní rárá, kí kọ̀ǹpútà wa kọ́kọ́ gbà á pa mọ́, kó tò sí ìlà, kó máa gbìyànjú láti lọ, kó má sì kúrò lórí ìlà títí fóònù ẹ̀ṣọ́ yóò fi jẹ́rìí pé òun ti gbà á. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn ń fi àkókò wa ṣòfò ni,” ló wí. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ Mowe ìgbà yẹn? Ìgbà tó bá wù ú ló ń lọ.

Nígbà tí wọ́n ti ń lo ìkànnì náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ wá ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan. Tọkọtaya kan ń kọ́lé lẹ́bàá àbàtà, àwọn àti bíríkìlà kan ló wà níbẹ̀. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n ṣá bíríkìlà ládàá lápá bó ṣe gbé e sókè láti bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi pátákó lu ọkọ títí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́. Ìyàwó sá wọ yàrá tí kò tíì ní ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì pé wọ́n ń pa àwọn lẹ́bàá àbàtà. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí àwọn tó gbé ìbọn ba lẹ́nu ọ̀nà, ló bá tún tẹ òmíràn: “Ẹ má gba ojú títì o, ìbọn wà níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn.” Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn wọlé, ó já fóònù gbà, ó sì fi búlọ́ọ̀kù rún un. “Ta lò ń pè?” ló bi í, ó fi èèkù àdá gbá a lójú, ẹ̀jẹ̀ bò ó.

Ní Ibafo, a rí ọ̀rọ̀ méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n tò síbẹ̀, wọn ò lọ. Kété tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mowe kú. Mo pe olórí ẹ̀ṣọ́, kò wọlé. Mo tún pè é, pàbó. Mo fò sórí ọ̀kadà. Ọ̀nà ni mo wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi jí fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún kú. Díẹ̀ yẹn tó. Àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì wọlé sórí fóònù àwọn ẹ̀ṣọ́ tẹ̀léra, bí obìnrin náà ṣe fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́lẹ́.

Inú àbàtà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ gbà yọ sí àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti de díẹ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti pò mọ́ yanrìn, èrò sì fẹ́ pa àwọn tí wọ́n mú. Olórí ẹ̀ṣọ́ fi ara rẹ̀ dínà. “Bí a bá pa wọ́n, kí ni ìyàtọ̀ wa?” ló ń wí títí ọlọ́pàá fi dé.

Ìyàwó náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó di orí ọkọ rẹ̀ mú lórí itan. Ó wo olórí ẹ̀ṣọ́. “Wọ́n ti fọ́ fóònù mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi bá a lọ ni. Ta ló ní kí ẹ gba ẹ̀yìn?”

“Ẹ̀yin náà ni, mà.”

Ọkọ rẹ̀ ń tiro títí dòní. Bíríkìlà yè, àmọ́ kò lè fi ọwọ́ náà kọ́lé mọ́. Àbúrò mi ò bá mi jiyàn mọ́. Mo ti ṣe irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ní Ifo, àwọn kan a sì máa sọ pé ó ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ àwọn. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn mọ́ kí n má kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lù kì í rí àyè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.