Ìró Tí Kò Sí Nínú Ìwé Wa

Mo rántí ìgbà tí mo mọ bí kìnnìún ṣe ń ké lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fojú kan kìnnìún rí. Mo mọ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe igbe ajá, igbe àgùntàn, igbe òwìwí àti ìró ẹnu ejò. Ìwé aláwòrán kan ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ìwé nípa ẹ̀dá àti ìró wọn, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Odò inú ìwé náà tẹ́jú, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé odò a máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tí àwọn òbí wá síbi ayẹyẹ ìparí táàmù, èmi ni wọ́n gbé dúró lórí àga láti kà á sókè, mo sì ń wò wọ́n nílẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dá àwọn ẹranko náà.

Ẹsẹ̀ òkè gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ní Ìdànrè, níbi tí èèyàn ti ní láti gbé ọrùn sókè pátápátá kó tó rí ojú ọ̀run. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kì í kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kò mọ ògiri kankan sáàárín odò àti kíláàsì, kò sì ṣe ọgbà yí i ká. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná, torí òun ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́.

Èkejì ni pátákó. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọn á gbé pátákó kan kọ́ ọ lọ́rùn. Tó bá ti wà lọ́rùn rẹ, o ò gbọdọ̀ la ẹnu mọ́ títí a ó fi ṣíwọ́, àfi tó o bá gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ Yorùbá, tó o fẹjọ́ rẹ̀ sùn, tó o sì bọ́ ọ kọ́ òun náà lọ́rùn. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ àwa ọmọdé di ọlọ́pàá ẹnu ara wa. A kì í gbọ́ ohun tí ẹnì kejì wa ń sọ mọ́. Èdè tó fi ń sọ ọ́ là ń ṣọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan kọjú sí òkè lọ́jọ́ kan, ó ké, “Ìyá mi o!” Òkè náà dáhùn, “Ìyá mi o!” Ó yíjú sí wa, ó ní, “Ó tán, ẹ gbé pátákó lọ kọ́ òkè lọ́rùn!” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun ló gbé pátákó náà délé ọjọ́ náà.

Ìyá mi ló kọ́ èmi àti àbúrò mi ní ìró tí kò sí nínú ìwé. Àdúgbò Aládé ní Ìdànrè níbẹ̀ là ń gbé, iwájú ilé wa ló sì ti máa ń sá kòkó. Bó bá ń fẹsẹ̀ da kòkó gbígbẹ kí oòrùn lè kan gbogbo rẹ̀, ìró kan a máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Ó ní, “Ẹ gbọ́ ìró yìí dáadáa. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè, àpáta ò lè fà á mu, gbogbo ẹ̀ ló ń wálẹ̀ wá bá wa. Oòrùn lè máa ràn níbi tẹ́ ẹ wà o. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ bíi kòkó yìí látòkè, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ kúrò lódò. Ìró yẹn máa ń ṣáájú omi, àmọ́ kì í ṣáájú ẹ̀ jìnnà.”

Àbúrò mi bi í pé, “Mọ́mì, ṣé omi náà ń sá kòkó ni?”

“Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ọmọ yìí.” Ó fi ìka ta á lórí, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké nígbà náà, èmi sì wà ní praimárì kẹrin.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn mú lórí wa. Orí òkè ni òjò ti ṣú. Àǹtí tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì kó wa jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní ẹ̀kọ́ nípa ìró la fẹ́ ṣe: ká di ojú, ká tẹ́tí, ká sọ ohun tá a bá gbọ́. Kí n tó di ojú, mo rí àbúrò mi lọ́ọ̀ọ́kán. Olùkọ́ wọn ti kó wọn lọ sódò láti ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tí wọn yóò fi kọ́ ìṣirò. Ó juwọ́ sí mi. N kò juwọ́ padà, torí ẹni ńlá ni mí, mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ẹnì kan ní, “I hear a bird, Aunty.” Àǹtí yìn ín. Òmíràn ní, “I hear okada.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ẹyẹ ti dákẹ́. Ohun tó kù wá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, lókè, wọ́ọ́, wọ́ọ́, láìdá ẹnu dúró, bí ẹni pé àwọn èèyàn tí a kò lè kà tán ń da kòkó lórí àpáta.

Mo fò dìde. “Omi ń bọ̀! Ẹ lọ kó àwọn ọmọ kúrò lódò!”

Kò sí ẹni tó wo ọ̀nà odò. Èmi ni gbogbo wọn ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Aunty, vernacular! Vernacular!” Ọmọbìnrin tí pátákó wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ ti bọ́ ọ, ayọ̀ kún ojú rẹ̀, ó sáré wá gbé e kọ́ mi. N kò bá a jà. Ọmọdé ni, ọrùn sì ti ń dùn ún. Mo nawọ́ sókè. Àǹtí wò mí, ó wo pátákó, ó gbójú kúrò. Ẹni tí pátákó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Àsìkò tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, ọmọ ọdún márùn-ún lè fi kọjá odò yẹn lọ, kó sì kọjá padà. Èyí ni ẹ̀sùn mi tó wúwo jù.

Mo sá kúrò láàárín wọn. Mò ń ké bí mo ṣe ń sáré, pátákó ń gbá mi láyà. Nígbà tí mo dé bèbè odò, àwọn ọmọ kéékèèké dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan nawọ́ sí pátákó náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìdànrè ni olùkọ́ wọn. Ó gbọ́ mi, ó gbọ́ òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sókè bèbè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó ẹrù jáde nínú iná.

Àbúrò mi wà lódìkejì, lórí àpáta pẹlẹbẹ kan. Mo pè é. Ó gbójú sókè, ó dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: “I am coming, Brother.” Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn òkúta rẹ̀ tó dà sílẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ibi tí omi náà ti yọ. Omi náà pupa, ó gbé igi tòun ti gbòǹgbò dání.

Nígbà tí omi fà, àwọn àgbẹ̀ rí i nísàlẹ̀ odò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pe ìpàdé ní ilé-ẹ̀kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, torí òfin náà kan àwọn òbí pẹ̀lú. Ìyá mi jókòó níwájú nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Olùdásílẹ̀ sọ pé ìjàǹbá tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó wá ní kí n sọ ohun tí mo rí, mo sì sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara: ìró, pátákó, ẹ̀rín, ohùn àbúrò mi. Bí mo ṣe parí, ó mi orí, ó kọjú sí àwọn òbí, ó ní kí wọ́n gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ, pé irú ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń tọ́ nìyẹn. Àwọn kan ń mi orí. Ìyá mi rí wọn, òun náà mi orí. Ó ní, “Tankí, sà.”

Ó kọ̀ láti gun ọ̀kadà nígbà tí a ń padà sílé. A ti rìn díẹ̀ kó tó bi mí, “Kí lo sọ fún wọn tí wọ́n ń yìn ẹ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un ní ohùn ilé wa. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti pe àbúrò mi, ó dúró.

“Ó gbọ́ ẹ?”

“Ó gbọ́ mi, Mọ́mì.”

“Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.”

“Mo kì wọ́n nílọ̀. Òun náà dáhùn. Ó ní òun ń bọ̀.”

Ìyá mi bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, nínú aṣọ funfun yẹn. Kò sunkún. Ó ní kí n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, kí n má fo nǹkan kan. Mo jókòó tì í, mo tún un sọ.

Mo ti lọ sí yunifásítì láti ìgbà náà, mo sì mọ̀ nísinsìnyí ìdí tí ìró fi ń yára ju omi lọ. Mo ti kọ ẹ̀sùn yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ, ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àbùkù. Wọn a máa fèsì pé ìwé mi tẹ àwọn lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì ń gba ọmọ, odò náà ṣì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ògiri. Nínú gbogbo ẹni tí mo ti ro ẹjọ́ yìí fún, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ tán, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì jókòó sí.