Ìpè Tí N Kò Jẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì lè ru ju iṣu méjì lọ, ìpè ni a fi ń ti oko bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi fóònù pe ara yín láti yàrá sí pálọ̀, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa yé yín. Oko bàbá mi wà lọ́nà Upẹnmẹn, nítòsí Ọ̀wọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọra ń dà lọ sí odò. Ìdílé mẹ́rin ló ń dáko síbẹ̀ nígbà náà. Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ibẹ̀ débi pé ẹnìkejì rẹ lè wà nítòsí kí o má rí i. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀ tán á dúró lẹ́nu ọ̀nà abà rẹ̀, á ké pé, "Ẹ ti ń lọ bí o?" Ará abà kejì á dáhùn pé, "À ń bọ̀ o," òun náà á wá pe ẹni tó tẹ̀ lé e, títí ìpè á fi dé abà tó wà létí odò. Bí ìdáhùn bá pé, gbogbo wa á gba ọ̀nà ilé. Bí kò bá pé, ẹnikẹ́ni kò ní lọ.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé kí èèyàn má ṣe jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí, pàápàá lọ́sàn-án gangan, torí pé ó lè jẹ́ iwin. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí, mo sì bi bàbá mi léèrè. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gé iṣu tó ń gé tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Iwin kì í ní sùúrù, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń pè. Ẹni tó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èèyàn ni, ó sì fẹ́ kí o wá." Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ kí n lè gbádùn oko. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Ará Àkókó tó wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀ ló ni abà etí odò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó oko, ó sì bí ọmọbìnrin kan tí èmi àti òun jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ, àwa ń lọ sí Áńgílíkà, a sì máa ń jà lórí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún jù. Lọ́jọ́ kan, orí mi dàrú, mo ní kí n fi ìpè ṣeré. Mo sá sábẹ́ ewé kòkó, wọ́n pè mí, n kò jẹ́. Wọ́n tún pè, n kò jẹ́. Gbogbo wọn sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ń rí ìyá mi níbi tó ti ń sáré kiri tí ìró ń tú nídìí rẹ̀, mo rí ìyá ọ̀rẹ́ mi tó bọ́ sínú odò láìbọ́ aṣọ. Nígbà tí mo jáde tí mo ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi gbá mi létí. Ó ní, "Bí o bá tún gbọ́ ohùn mi tí o kò jẹ́, èmi àtìẹ ti parí." Bàbá mi kò nà mí o. Ó mú mi dé abà kọ̀ọ̀kan kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì sọ fún mi lọ́nà pé ẹni tí a pè tí kò dáhùn ti fi ẹni tó pè é sílẹ̀ nìkan nínú igbó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Ayé ń yí. Mo di tíṣà, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìdasẹn àti Ùsò, mo fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti túká. Mo padà sí oko bàbá mi torí pé ilé dákẹ́ jù. Àwọn ìdílé méjì tó kù ti ta ilẹ̀ wọn, igbó ti bo abà wọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kù, ìyá arúgbó méjì, tí ọ̀kan wà lókè, tí ọ̀kan wà létí odò. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, ìpè náà la ṣì ń lò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ké pé, "Ẹ ti ń lọ bí o?" bí ẹni pé èrò ṣì kún abà wa. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dáhùn, á ní, "Àbí o ti kú ni?" Èmi náà á ní, "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ." Ẹ̀rín ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo fi ń gbé ọjọ́ kan bọ́ sí òmíràn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá ni ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀. Rédíò ń sọ ọ́, ó ń wọlé sórí fóònù wa, wọ́n ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìwàásù. N kò ní purọ́ fún yín, àwọn ẹni ibi wà lóòótọ́. Wọ́n ń gbé èèyàn lọ́nà oko, a sì ti sunkún àwọn tí kò padà. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní ká kíyè sí àlejò, a gbà. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kúrò lóko kí aago mẹ́rin tó lù, a gbà. Wọ́n ní ká má rìn láìmú káàdì ìdánimọ̀, a gbà. Wọ́n ní ká má péjọ ju èèyàn ogún lọ láìgba ìwé àṣẹ, ìṣọ́ òru dópin, ìpàdé àdúgbò dópin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní bí a bá gbọ́ ẹni tó ń pè nínú igbó, ká má ṣe jẹ́ ẹ, pé ọgbọ́n àwọn ajínigbé ni, ká yáa wá fi tó àwọn ẹ̀ṣọ́ létí.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé òfin wọ̀nyí fún wa, bàbá àgbà kan ládùúgbò wa dìde. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Òfin yìí, ọjọ́ wo ló máa kásẹ̀ nílẹ̀?" Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bi í ní orúkọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá mú un, ó lo òru mẹ́rin ní àgọ́ wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kì í jókòó níwájú ilé rẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò jáwọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè mí mọ́ lóko. Ó ní, "Ìwọ tíṣà yìí, ìjọba ló bí ọ ni? Ẹni tí mo ti ń pè láti kékeré." Mo kọ́kọ́ ń dá a lóhùn jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, mo ń fi àdá lu ọkọ́ kó lè mọ̀ pé mo wà láàyè. Nígbà tó tún yá, n kò ṣe nǹkan kan mọ́. Àárín wa tutù díẹ̀, ó sì dùn mí.

Ọjọ́rú kan ni, lẹ́yìn òjò, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Mo ń di ẹrù ata mi. Mo gbọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe "Ẹ ti ń lọ bí o." Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nígbà èwe ni, ohùn náà sì tín-ín-rín, kò jọ ohùn ẹnikẹ́ni. Ó tún pè. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù mi ló ń yí nínú orí mi: ẹ má jẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ ẹ. Èèyàn mélòó lẹ rò pé ó kù láyé tó mọ orúkọ yẹn? Mo mọ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kà á. Mo gbé agbọ̀n mi, mo sì gba ọ̀nà ilé láìwẹ̀yìn.

Níbi igi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dínà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé káàdì mi dà. Mo fi hàn án, mo sì sọ fún un pé ẹnì kan ń pè nínú igbó létí odò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Irú yín la ń fẹ́ nílùú yìí." Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì fa igi náà bo gbogbo ojú ọ̀nà. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

N kò tíì tú ẹrù mi tán tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi fi kanlẹ̀kùn. "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ìyá mi lóko?" Mo fi ata mi sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ibi igi náà. Géńdé ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó lọ wá ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ìròyìn ti wọlé pé ajínigbé wà létí odò, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí àṣẹ á fi dé láàárọ̀. Ó bi wọ́n pé ta ló mú ìròyìn wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wò mí, ó ní, "Ará ìlú ni." Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn kan péré ló kù fún mi láti sọ: èmi ni, ohùn ìyá rẹ̀ sì ni. Mo rántí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ọmọ mi, ní sùúrù."

Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀gẹ́ tó ń rẹ sómi, ó ti yọ̀ ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ ti kán, òjò sì ti pa á mọ́jú. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mo pè ọ́ títí. Mo mọ̀ pé o ti lọ sílé. Ká ní o wà níbẹ̀ ni, o ì bá ti jẹ́ mi." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti lọ." Òtútù tó wọ̀ ọ́ láyà kò jẹ́ kó dìde mọ́. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọn kò jẹ́ ká ju ogún lọ, ọmọ rẹ̀ sì fi mí sínú àwọn ogún náà, ó ní èmi ni ọ̀rẹ́ ìyá òun jù.

Ayé tí wọ́n bí mi sí kò rọrùn, ejò wà níbẹ̀, ìbà wà níbẹ̀, gbọ́mọgbọ́mọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń borí ẹ̀rù nígbà náà ni pé bí o bá pè, ẹnì kan á jẹ́. Ìyẹn gan-an la kó fún ìjọba nígbà tí ẹ̀rù dé, ọwọ́ wa la sì fi kó o. Ìbéèrè bàbá àgbà yẹn ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀. Èmi náà ń béèrè rẹ̀ báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ mi kọ ọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ṣì ń gbé iṣu wá fún mi lóṣooṣù, ó ń kí mi bí ìyá. Kò mọ̀. Bó bá ka ìtàn yìí dé ibí, ó ti mọ̀ nìyẹn.

Mo ṣì ń lọ sóko. Kò sẹ́ni tó kù tí mo lè pè, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé agbọ̀n mi, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, mo kọjú sí odò, mo sì ń ké e sókè bó ṣe yẹ kí n ti ké e lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: Mò ń bọ̀ o.