Wọ́n Dá Mi Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ibi Tí Mo Ti Ń Sá Èlùbọ́

Sikiọ́rítì dá mi dúró lónìí, ó ní mi ò ní ìwé ìwọlé.

Ilé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ ti yunifásítì ní Èjìgbò ni mo lọ. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ ṣeré níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ní, "Láyé ìjọba ológun, kí yunifásítì tó dé, kí wọ́n tó kan òrùlé sí i, orí sìmẹ́ńtì yìí ni àwa obìnrin ti ń sá èlùbọ́. Ta ló béèrè ìwé lọ́wọ́ wa?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Àṣẹ ni."

Ni ọkùnrin gíga kan tó ti hewú, tó ń kọ́ Àbẹ̀kẹ́ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù náà, bá yọjú. Ó wò mí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá eléèlùbọ́! Ẹ gba bọ́ọ̀lù wa nígbà tó já sórí iṣu yín, ẹ ní àfi ká yí gbogbo rẹ̀ padà sóòrùn kẹ́ ẹ tó dá a padà."

"Ẹ sì yí i dáadáa. Ṣé mo lè wọlé báyìí?"

Iwájú pátápátá ló mú mi jókòó sí.

Àbẹ̀kẹ́ ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kò wọlé. Ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo pariwo, "Kí lo ń wò mí sí? Tún un jù!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó tún un jù, ó wọlé.

Ó ní mo dójú ti òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ fèsì sísàlẹ̀ níbí, òun náà tó bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù ni yóò ka èsì yín sí mi létí.